Ṣé ká ra prímíọ́mù fún Màmá, àbí ẹ̀kọ́nọ́mì ti tó?

Àkànní Thamesmead:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn àbúrò mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá sí i. Ìyá wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, torí ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin ti súnmọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n, orúnkún ọ̀tún sì ń dà wọ́n láàmú. Èkó sí London, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni. Alẹ́ ni bàálù máa gbéra, ìdájí ló máa balẹ̀. Ẹ̀kọ́nọ́mì, àlọ àtàbọ̀, jẹ́ póùn 810. Prímíọ́mù, ìyẹn èyí tó wà láàárín ẹ̀kọ́nọ́mì àti bísínẹ́ẹ̀sì, jẹ́ 1,460. Àbúrò mi obìnrin ní kí la fẹ́ fi póùn 650 ṣe lórí àga tí Màmá ò ní í lè nà gbalaja sí. Èmi ní ìyá wa ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún mẹ́ta ni wọ́n ń wọ bàálù. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níbẹ̀ rí, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí kọ́tìnì tí wọ́n fi pààlà ibẹ̀ lásán ni wọ́n ń tà fún wa?

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston:
Ẹ rà á, ẹ má wẹ̀yìn. Mo ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́rin. Èkó sí Atlanta ni mo máa ń gbà, bíi wákàtí 12, kí n tó wá wọ òmíràn dé Houston. Lọ́dún tí mo lọ sìnkú bàbá mi, ẹ̀kọ́nọ́mì ni mo jókòó sí lọ́nà àbọ̀. Orúnkún mi ti kan àga iwájú kí bàálù tó gbéra. Bí wọ́n ṣe pín oúnjẹ tán báyìí ni ọkùnrin iwájú mi dẹ àga rẹ̀ sẹ́yìn. Tábìlì kékeré yẹn ò lè sọ̀ tán mọ́, ó dúró gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí itan mi, abọ́ ìrẹsì sì ń yọ̀ bọ̀ wá bá mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi di abọ́ mú, mo fi ọ̀tún jẹun bí ẹni tó ń jẹun lórí ọ̀kadà. Ó tó ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí mo délé kí n tó lè gun àtẹ̀gùn dáadáa. Láti ìgbà náà, prímíọ́mù ni. Mo ń na ẹsẹ̀, mo ń kàwé, ẹni iwájú lè dẹ àga rẹ̀ dé ibi tó bá wù ú. Àyè ni mo rà, mi ò tiẹ̀ rántí bóyá kọ́tìnì wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham, sí Gíga-Bí-Ọ̀pẹ:
Bọ̀dá Gíga, ẹsẹ̀ yín ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì méjì lèmi, orúnkún mi ò kan nǹkan kan rí láyé mi.

Mo ti jókòó ní prímíọ́mù lẹ́ẹ̀kan, póìǹtì tí ọkọ mi kó jọ nídìí wíwọ bàálù la fi rà á lọ́dún tí mo pé 40. Wọ́n fún mi ní wáìnì kí a tó gbéra, àga fẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sùn. Àga yẹn kì í lọ sẹ́yìn tó bí ẹ ṣe rò, ìjókòó lẹ ṣì wà. Ọmọ ọwọ́ tó ń ké lẹ́yìn, mo gbọ́ ọ ketekete, kọ́tìnì ò dí etí ẹnikẹ́ni. Lóṣù kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wà ní ẹ̀yìn pátápátá ní ẹ̀kọ́nọ́mì, bàálù ò kún, mo rí àga mẹ́ta tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo gbé apá àga sókè, mo ká ìborùn mi sábẹ́ orí, mo sùn títí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì àárọ̀. Ṣé ẹ lè ṣe ìyẹn ní prímíọ́mù? Apá àga ibẹ̀ kì í gbéra nínú ọ̀pọ̀ bàálù, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ká tábìlì oúnjẹ sí. Bí gbogbo ìlà náà bá tiẹ̀ ṣófo, ẹ ó kàn máa wò ó ni.

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston:
Oṣù kọkànlá lẹ sọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ dán an wò nígbà Kérésìmesì. Bí wọ́n bá lè ta ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù lóṣù yẹn, wọn á tà á.

Alájàpá Balógun:
Mo ń rẹ́rìn-ín. Póùn 650! Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó lé ní mílíọ̀nù kan dáadáa. Ọdún 14 ni mo ti ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, Èkó sí Addis Ababa, Addis sí China. Ọ̀nà tèmi gan-an, wọn ò tà á. Ethiopian, Qatar, Turkish, kò sí agbede méjì ẹ̀kọ́nọ́mì àti bísínẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ wọn. Mo sì ń lọ, mo ń bọ̀. Ṣòkòtò tó dẹ̀ ni mo máa ń wọ̀, mo á gbé ìrọ̀rí ọrùn mi dání, mo á ti jẹ àmàlà yó nílé. Bí mo bá lajú, a ti ń sún mọ́ ọ̀hún. Owó àga tí mo máa dìde kúrò lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà ọmọdé mélòó ló máa rà? Ẹ kó owó náà fún Màmá lọ́wọ́, kí ẹ wá wò ó bóyá wọ́n á mú un lọ ra ìjókòó.

Onítíkẹ́ẹ̀tì Tẹ́lẹ̀:
Ọdún 11 ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ kí n la nǹkan díẹ̀ yé wa, torí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ máa gba inú igbó lọ.

Íǹṣì tí wọ́n ń kọ sórí ìkéde, bíi 31 fún ẹ̀kọ́nọ́mì àti 38 fún prímíọ́mù ní British Airways àti Virgin Atlantic, kì í ṣe àyè ẹsẹ̀ gangan. Láti ojú kan lára àga yín dé ojú kan náà lára àga iwájú ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nínípọn àga wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n íǹṣì méje tó lé yẹn, tiyín ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ yín láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín, bó ṣe mọ nìyẹn.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í kà kún ni fífẹ̀. Nínú Boeing 777, èèyàn 10 ni wọ́n sáábà máa ń tò sí ìlà kan ní ẹ̀kọ́nọ́mì báyìí: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta. Ní prímíọ́mù, mẹ́jọ ni: méjì, mẹ́rin, méjì. Nígbà tí bàálù yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń tò sí ẹ̀kọ́nọ́mì. Bàálù náà ò sì fẹ̀ sí i o! Ìdí wa ni wọ́n fún mọ́ra. Àyè tí wọ́n yọ lára wa ni wọ́n ń tà padà fún wa, kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Virgin Atlantic wà lára àwọn tó dá prímíọ́mù sílẹ̀, ní 1992, Mid Class ni wọ́n pè é nígbà náà; EVA Air ti Taiwan náà gbé tirẹ̀ dé láàárín àsìkò yẹn. Ó di 2000 kí British Airways tó ṣe tiwọn. Emirates ò dá sí i títí di 2021.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ orúkọ o. Comfort ti Delta àti Economy Plus ti United kì í ṣe ohun tí à ń sọ yìí. Àga ẹ̀kọ́nọ́mì kan náà ni, wọ́n kàn fi íǹṣì díẹ̀ kún ibi ẹsẹ̀. Premium Select ni ti Delta, Premium Plus ni ti United. Mo ti rí ẹni tó ra ọ̀kan tó ń wá èkejì kiri inú bàálù. Bó bá sì jẹ́ pé bàálù méjì lẹ máa wọ̀ kẹ́ ẹ tó débi tí ẹ̀ ń lọ, ẹ wò ó bóyá méjèèjì ló ní in. Àwọn kan ti sanwó prímíọ́mù rí, tí wọ́n wá jókòó ní ẹ̀kọ́nọ́mì fún ìdajì ọ̀nà.

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston:
Ọ̀rọ̀ Comfort yẹn ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ má béèrè.

Ẹyẹlé Leicester:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ ibẹ̀ yàtọ̀?

Ìyá Ìbejì Peckham:
Abọ́ tánganran dípò ike, ife gíláàsì dípò ti páálí. Ti adìẹ yẹn, ìyá kan náà ló bí wọn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ẹ jẹ́ ká fi adìẹ sílẹ̀. Bọ̀dá Àkànní, ohun tí mo fẹ́ sọ kan ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń pè é ní àìsàn ẹ̀kọ́nọ́mì, bí ẹni pé ẹni tó bá ti sanwó rẹpẹtẹ ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 sọ pé tí ìrìnàjò bá ti tó wákàtí mẹ́rin sókè, ewu yẹn máa ń di ìlọ́po méjì, bàálù ni o, ọkọ̀ ojú irin ni o, bọ́ọ̀sì ni o. Ó ṣì kéré náà, bí ẹnì kan nínú èèyàn 6,000. Jíjókòó sójú kan láìmira ló ń fà á. Ẹni tó wà ní bísínẹ́ẹ̀sì, tó mu wáìnì, tó sùn fọnfọn títí ilẹ̀ fi mọ́ láìyí ẹsẹ̀ padà, òun náà ò bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rà á fún ìtura Màmá. Ẹ má rà á bí ẹni ra oògùn.

Màmá ga tó báwo? Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kankan láìpẹ́ yìí?

Àkànní Thamesmead:
Rárá, Àǹtí, kò sí iṣẹ́ abẹ. Gíga wọn ò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì kan. Bí wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ wọn kì í kanlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Ìwádìí kan náà rí i pé ewu yẹn tún ga sí i fún àwọn tó ga ju mítà 1.90 lọ àti àwọn tí kò tó mítà 1.60. Bọ̀dá Gíga ń bẹ lápá kan, Màmá ń bẹ lápá kejì. Ẹsẹ̀ ẹni kúkúrú máa ń rọ̀ dirodiro, etí àga á wá máa tẹ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Íǹṣì méje ò wúlò fún ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni ohun tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé. Àwọn àga prímíọ́mù kan ní in lára, òótọ́ ni. Báàgì kékeré tó dúró dáadáa náà lè ṣe é. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àga etí ọ̀nà, kí wọ́n lè máa dìde láìní kí wọ́n máa bẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n rìn dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, kí wọ́n máa mumi. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ò fẹ́ mumi kí wọ́n má baà tọ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́.

Akọ̀wé Owó, Milton Keynes:
Ẹ ti sọ ti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjọba.

Owó orí kan wà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí ẹni tó bá wọ bàálù kúrò níbí, Air Passenger Duty lorúkọ rẹ̀. Fún ibi tó jìn bíi Nàìjíríà, láti oṣù kẹrin 2025, póùn 90 ni fún kíláàsì tó kéré jù nínú bàálù. Kíláàsì yòówù tó bá ju ìyẹn lọ, 216 ni. Láti oṣù kẹrin 2026, ó di 102 àti 244. Ẹ kà á dáadáa: wọn ò ya prímíọ́mù sọ́tọ̀. Ẹni tó wà lórí àga oníǹṣì 38 àti ẹni tó nà gbalaja ní bísínẹ́ẹ̀sì, owó orí kan náà ni wọ́n ń san. Ní ti iye 2026, póùn 142 nínú 650 tí ẹ̀ ń jà lé lórí, ìjọba ló ń gbé e lọ. Màmá ò ní jókòó sórí ẹ̀.

Mo tún ṣírò kan. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ wákàtí 13. Póùn 650 sórí wákàtí 13, póùn 50 ni wákàtí kan. Ta ni wọ́n ń san iye yẹn fún níbi iṣẹ́ nínú wa?

Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Ìgbà téèyàn bá ń kúrò níbí ni wọ́n ń gba owó orí yẹn. Èkó sí London ò kàn án. Ẹ sì ní òru ni Màmá máa fi bọ̀. Bí ẹ bá rí bàálù ọ̀sán fún àbọ̀, kí lẹ fẹ́ fi prímíọ́mù ṣe nínú rẹ̀? Ẹ ra prímíọ́mù wá, ẹ fi ẹ̀kọ́nọ́mì padà, lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ẹ má ra àlọ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ ra àbọ̀ lọ́tọ̀ o, àlọ nìkan máa ń wọ́n ju àlọ àtàbọ̀ lọ nígbà míì.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san owó yẹn ní ẹ̀kọ́nọ́mì. Ẹ gbé e dé prímíọ́mù báyìí, ó ti dàgbà lójú ìjọba nìyẹn. Èmi, bàbá wọn, àti Táyé Kẹ́hìndé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Akọ̀wé Owó, Milton Keynes:
Ní ti iye 2026: ẹ̀kọ́nọ́mì, póùn 204. Prímíọ́mù, 976. Owó orí nìkan nìyẹn o, a ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Alájàpá Balógun:
Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi nígbà tí mo sọ̀rọ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé báyìí.

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston, sí Alájàpá Balógun:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kì í ṣe gbogbo owó la fi ń ra bàtà ọmọdé. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nígbà tí ìyá mi wá ní 2019, irú ìṣirò tí ẹ̀ ń ṣe yìí ni mo ṣe, mo ra ẹ̀kọ́nọ́mì fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi rìn jáde wá bá mi ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gbá bàtà méjèèjì mọ́ àyà pẹ̀lú báàgì ọwọ́ wọn. Wọn ò ráhùn. Wọ́n ní bàálù náà dára, wọ́n fún àwọn ní adìẹ. Ọdún 2021 ni wọ́n lọ, mi ò rí ẹlẹ́ẹ̀kejì rà fún wọn.

Alájàpá Balógun:
Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò ní í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Bọ̀dá Gíga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí ara yín. Jíjókòó fún wákàtí 12 máa ń mú ẹsẹ̀ wú, iwájú ni o, ẹ̀yìn ni o. Mo ti rí i lẹ́sẹ̀ ẹni tó sùn gbalaja ní bísínẹ́ẹ̀sì.

Onítíkẹ́ẹ̀tì Tẹ́lẹ̀:
Bọ̀dá Àkànní, ọ̀nà kan tún wà. Ẹ ra ẹ̀kọ́nọ́mì, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ìmeèlì yín. Bí àga iwájú bá kù, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń kọ̀wé pé kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un, àwọn míì ní kí ẹ dá iye tí ẹ fẹ́ san. Mo ti rí èyí tí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta tẹ́tẹ́ lórí Màmá ẹni ọdún 69. Bí ìmeèlì ò bá dé ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe lónìí, tí kò gba kọ́bọ̀: kí wọ́n pe iléeṣẹ́ bàálù náà kí wọ́n ní Màmá nílò kẹ̀kẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, kíláàsì yòówù kó jẹ́. Wọ́n á tì wọ́n láti ibi tí wọ́n ti ń gba báàgì títí dé ẹnu bàálù. Bí wọ́n bá sì ti balẹ̀, wọ́n á tì wọ́n kọjá ìlà gígùn àwọn tó ń wo ìwé ìrìnnà. Ní ti orúnkún, ìrìn inú pápákọ̀ ló ń pa á ju àga lọ. Gatwick ni àbí Heathrow? Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ìrìn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston:
Kẹ̀kẹ́ náà dára. Ẹ ra prímíọ́mù mọ́ ọn.

Àbúrò Obìnrin Náà:
Bọ̀dá mi, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilé wa wá sójú ayé! Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fi hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé èmi ni. Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Èmi ni ahun tó ní kí wọ́n má rà á.

Mo pe Màmá lálẹ́ àná. Mo ṣàlàyé àga méjèèjì, mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní: "Ṣé Ìyá Ṣadé náà máa jókòó níbẹ̀?" Ẹ̀yin ò mọ Ìyá Ṣadé. Ọ̀rẹ́ Màmá láti Mọ́kọ́lá ni, ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni wọ́n wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òun náà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Luton, ọjọ́ kan náà, bàálù kan náà, ẹ̀kọ́nọ́mì. Wọ́n ti jọ ṣètò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Màmá ní kí òun wá dá jókòó síwájú kí òun máa wo ojú òyìnbó fún wákàtí mẹ́fà, kí Ìyá Ṣadé wà lẹ́yìn? Wọ́n ní ta ló máa bá òun tẹ tẹlifíṣọ̀n ẹ̀yìn àga yẹn? Ta ló máa jí òun bí oúnjẹ bá dé?

Àkànní Thamesmead:
Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!

Àbúrò Obìnrin Náà:
Ẹ̀yin náà ò bi wọ́n, Bọ̀dá mi. Àwòrán àga lẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Alájàpá Balógun:
Ẹ jẹ́ kí n mumi. Mo ń bọ̀.

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston:
Kí ló wá lè níbẹ̀? Ẹ ra prímíọ́mù fún Ìyá Ṣadé náà. Mo fi dọ́là 50 sílẹ̀, mo ń dúró de àwọn yòókù.

Akọ̀wé Owó, Milton Keynes:
Póùn 1,300 ló ti dà yẹn o. Tí Ìyá Ṣadé bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n máa gba owó ìyípadà pẹ̀lú. Ọmọ rẹ̀ ní Luton sì lè má fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun sanwó ìyá òun. Ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Onítíkẹ́ẹ̀tì Tẹ́lẹ̀:
Àwọn méjèèjì ò sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé wọ́n mọra wọn. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá dé pápákọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan bọ́ sí ìlà 24, kí èkejì bọ́ sí 47. Ẹ sanwó kí ẹ yan àga báyìí. Ẹ má ya sí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, wọn kì í fi àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn síbẹ̀, ẹni tó lè ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wá. Ìlà iwájú pátápátá náà, ẹ má rà á: kò sí àga níwájú tí wọ́n lè gbé báàgì ìgbẹ́sẹ̀lé tí Nọ́ọ̀sì wí sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ gbé e sókè bí bàálù bá ń gbéra.

Bó bá jẹ́ 777 ni, ẹ wá C àti D lórí ìlà kan náà, ọ̀nà ló wà láàárín wọn. Orúnkún ọ̀tún lẹ pè é, àbí? Ẹ fún Màmá ní C. Ọ̀nà á wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n á lè máa na ẹsẹ̀ tó ń dùn yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sáà fà á padà bí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ bá ń bọ̀. Bí ẹ bá gbé wọn sí D, ẹsẹ̀ òsì tí kò ṣe nǹkan kan ló máa jàǹfààní.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́! Kí ló lé e kúrò nídìí tíkẹ́ẹ̀tì?

Onítíkẹ́ẹ̀tì Tẹ́lẹ̀:
Íntánẹ́ẹ̀tì ni, Ìyá Ìbejì. Gbogbo yín ti ń fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ìbọ̀sẹ̀ o. Èyí tó máa ń fún ẹsẹ̀, tó gùn dé abẹ́ orúnkún. Ẹ má kàn rà á lójú, kí Màmá fi téèpù wọn kókósẹ̀ àti ibi tí ojúgun ti nípọn jù, láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹsẹ̀ tó wú, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà yẹn rà á. Bó bá fún jù, á ṣe wọ́n ní jàǹbá. Kí dókítà wọn ní Ìbàdàn kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn, pàápàá bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ. Ilé ni kí wọ́n ti wọ̀ ọ́ jáde.

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston:
Mo gbà fún Ìyá Ṣadé, kì í ṣe pé mo gbà fún ẹ̀kọ́nọ́mì. Etí ọ̀nà wà ní prímíọ́mù náà.

Àkànní Thamesmead:
Ẹ ṣé, gbogbo ilé. A ti rà á. Màmá wà ní 41C, Ìyá Ṣadé ní 41D. Àbúrò mi obìnrin ló san owó yíyan àga ti Ìyá Ṣadé, ẹ má pè é ní ahun mọ́. Wọ́n ti bá wa kọ ti kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Màmá fi téèpù wọn ẹsẹ̀, Ìyá Ṣadé ń ka nọ́ńbà fún mi lórí fóònù, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn bóyá ibi tí ojúgun ti nípọn jù nìyẹn. Dókítà ti ní kò léwu. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì.

Àbọ̀ nìkan la ò tíì yanjú, a lè yí i padà títí di ìparí oṣù. Ìyá Ṣadé á ti padà sílé ní oṣù méjì ṣáájú Màmá.

Gíga-Bí-Ọ̀pẹ, Houston:
Ẹ ní Ìyá Ṣadé ò ní í sí níbẹ̀? Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Owó, Milton Keynes:
Póùn 244.